Ẹni Tó Sọ Pé Ó Wà

Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi lé mi kúrò nídìí ìwé, mo ti ka ẹsẹ mọ́kànlá fún wọn. Mo rántí iye rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti sọ mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ padà láìṣe àṣìṣe, inú mi sì ń dùn. Ní àkókò yẹn, kò sí ohun mìíràn tí mo ń ṣe láyé mi tó ń yọrí sí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìrókò, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí fíkà kì í lè wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bàbá mi ló ń ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọn kì í kánjú kà á. Bí wọ́n bá ń kà á, àwọn ìyá arúgbó máa ń dẹ́kun abẹ̀bẹ̀ fífẹ́.

Àmọ́ ojú wọn ti ń lọ. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní Ìbàdàn sọ pé ìríran tó ti lọ kò ní padà mọ́, pé oògùn tí wọ́n ń kán sójú wà fún dídáàbò bo èyí tó kù ni. Wọ́n ṣì lè rí ènìyàn tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n sì mọ ìlẹ̀kùn yàtọ̀ sí fèrèsé, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú ìwé ti dà bí eèrà tó ń rìn lórí aṣọ funfun. Èmi àti ìyá mi nìkan ló mọ̀. Ìyá mi máa ń jí gbé ata àti tòmátì lọ sí ọjà Ṣáṣá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nítorí náà èmi ló kù sílé, èmi akàwé-gboyè tó ti sin ìjọba tán tí kò tíì ríṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé, èmi àti bàbá mi á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Màá ka ẹsẹ kan, wọ́n á sọ ọ́ padà. Tó bá fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ti wà lórí wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn, wọ́n á sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n tiẹ̀ máa ń ṣí ojú ìwé síwájú láàárín kíkà. Bí mo bá rí ìyẹn, orí mi á wú bíi pé èmi ni mo bí wọn.

Láàárọ̀ tí mò ń wí yìí, wọ́n ní kí n dúró díẹ̀.

"Àwọn ọ̀rọ̀ tó ò ń kà yìí, ṣé o gbà á gbọ́ bó o ṣe ń kà á?"

Mo lè purọ́. Mo ti ń pa á láti ìgbà tí mo ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí mo ní sí wọn láàárọ̀ yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé òtítọ́ ló tọ́ sí wọn. Ó dà bí ẹ̀bùn lójú mi. Mo mọ̀ báyìí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹni là ń gbé síwájú bàbá ẹni láàárọ̀ kùtù, ṣùgbọ́n mo ti la ẹnu.

"Mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà, sà."

"O ní kí ni?"

"Mo ní mi ò mọ̀ bóyá Ó wà."

"Ó dáa. Ìwọ tó kàwé, fi hàn mí pé kò sí. Fi hàn mí nísinsìnyí, èmi náà á bá ọ jókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi."

Ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ni mo kà ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ yìí gan-an sì ni a fi gbogbo sáà kan jà lé lórí nínú kíláàsì. Mo mọ èsì rẹ̀ lórí bí orúkọ mi.

"Èmi kọ́ ni màá fi hàn, sà. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan wà ló ń mú ẹ̀rí wá. Bí mo bá ní erin kan wà nínú yàrá yín, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti fi hàn pé kò sí?"

"O fi Ọlọ́run wé erin."

"Àpẹẹrẹ ni, sà."

"Erin abẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá ìwé náà lórí itan mi, wọ́n pa á dé. "Ẹnu tó ní kò sí kò ní ka ọ̀rọ̀ Rẹ̀ sí mi létí mọ́."

Bí ọ̀sẹ̀ méje tí a fi wà bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ń kí ara wa. Mo ń gbé oúnjẹ fún wọn, mò ń kán oògùn sí wọn lójú, wọ́n ń ní "o ṣeun". Ṣùgbọ́n ìwé wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ wọ́n ní ọ̀fun ń dun àwọn, kí ẹlòmíràn bá àwọn kà á. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní ọ̀fun náà ni. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn obìnrin ìjọ ti kó oyin àti orógbó wá sílé wa débi pé a lè tà á. Bàbá mi ń jẹ orógbó tí wọn kò fẹ́ jẹ, ojú wọn ń fún pọ̀, èmi sì ń wò wọ́n, mò ń bẹ̀rù. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí wọ́n bá fi ẹ̀kọ́ kíkà yẹn sílẹ̀, wọ́n á jókòó sórí àga lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì di arúgbó lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ìyá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí wọ́n ti ọjà dé.

"Bàbá rẹ ti pinnu o. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, wọ́n á sọ fún fíkà pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kàwé."

"Pátápátá?"

"Pátápátá. Ṣé o ò kàn lè sọ fún wọn pé o gbàgbọ́ ni? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán."

"Màámi, irọ́ ni yóò jẹ́."

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Èyí tí mo pa ní Ṣáṣá lónìí nìkan jù ú lọ, tòmátì mi sì tà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì wọ yàrá lọ sunkún. Mi ò fẹ́ tún purọ́ fún bàbá mi, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó gba ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ sá fún méjèèjì, mi ò rí ọ̀nà tí mo lè gbà.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni a gbọ́ pé ewúrẹ́ wa kan tó sọnù lọ́sẹ̀ tó ṣáájú wà ní agboolé Àlàájì.

Àlàájì kò tíì lọ sí Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn, àwọn àti bàbá mi sì ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Ẹran Iléyá wọn kì í yẹ̀ nílé wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó ṣìnà ní bí a ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa, ọ̀rẹ́ ò sì yí i padà. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń gé etí ẹran wọn. Tiwa ni igun kékeré kan bí eyín ayùn létí òsì. Ti Àlàájì ni ṣóńṣó etí ọ̀tún tí wọ́n máa ń gé kúrò. Bí ewúrẹ́ bá wọ inú agbo ẹlòmíràn, ẹni tó bá ní tòun ni yóò wá, yóò sì sọ ààmì rẹ̀ kí wọ́n tó mú un jáde. Ẹni tí ẹran wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní ohun kan láti sọ títí olúwa rẹ̀ á fi sọ tirẹ̀ tán.

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé èjìká mi, mo ń mú wọn lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méje tí ọwọ́ wọn ti kàn mí kẹ́yìn. Mo rọra ń rìn kí ọ̀nà lè gùn.

Àwọn obìnrin mẹ́rin ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé Àlàájì. Ìyá kan tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ ló kọ́kọ́ rí wa.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ̀yin àti akàwé-gboyè! Ṣé wọn ò tíì pè é síbi iṣẹ́ ni?"

"Wọ́n á pè é," ni bàbá mi wí.

"Àmín o. Tí wọn ò bá pè é, ọ̀bẹ wà níbí, ẹ̀gẹ́ ò tíì tán."

Àlàájì jáde, wọ́n kí bàbá mi dáadáa, wọ́n fà wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni, ewúrẹ́ kan ti wà lọ́dọ̀ wa láti Jímọ̀ tó kọjá. Mo ti so ó mọ́lẹ̀. Tíṣà, ẹ sọ ààmì."

"Dúdú ni. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan funfun."

"Èyí tí gbogbo ayé ń rí lójú títì!" ni ìyá ẹlẹ́nu yẹn wí.

"Etí ńkọ́?" ni Àlàájì bi wọ́n.

"Etí òsì. Igun kékeré kan, bí a ṣe máa ń ṣe é."

Ìgbà náà ni mo rántí etí yẹn. N kò ronú kàn án títí di ìṣẹ́jú yẹn, mo búra. Ìyá ewúrẹ́ yẹn kú lọ́jọ́ tó bí i, èmi ni mo fi fídà tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó tó gé létí, bàbá mi fún mi ní abẹ. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀, mo di etí rẹ̀ mú, ó wò mí, mi ò lè ṣe é. Mo ní lọ́la. Nígbà tó di ọ̀la, mo tún ní lọ́la. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní mo ti gé e, nítorí mo mọ̀ pé wọn kò lè rí i. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní, pé ojú wọn tí kò ríran ni mo fi bo irọ́ mi.

Wọ́n mú ewúrẹ́ náà jáde. Ó ń ké. Àlàájì fọwọ́ tọ etí rẹ̀ méjèèjì.

"Tíṣà, etí rẹ̀ pé."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Bàbá mi fọwọ́ kàn án. Wọ́n tọ etí òsì láti ìdí dé ṣóńṣó, wọ́n tún tọ ọ̀tún, bóyá wọ́n ṣì í gé. Nígbà tí wọ́n dìde, ohùn wọn ti ga.

"Tèmi ni! Mo mọ igbe rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí ló ti ń ké, tèmi ni. Bí ẹ bá ní kì í ṣe tèmi, ẹ fi hàn mí pé kì í ṣe tèmi!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ Tíṣà! Kí Àlàájì fi hàn!"

"Ọ̀kadà Àlàájì tó wà lẹ́bàá ògiri yẹn, èmi ni mo ni ín o! Kí wọ́n fi hàn pé èmi kọ́!"

Mo wo ojú bàbá mi, mo sì rí i pé àwọn fúnra wọn ti gbọ́ ohun tí ẹnu wọn sọ. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo ti ń gbèrò pé lọ́jọ́ kan wọ́n á rí i pé èmi ni mo jàre. Ọjọ́ náà dé níwájú òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́, mi ò sì rí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀. Torí tiwọn ni ewúrẹ́ yẹn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, wọn kò ní ẹ̀rí, èmi ni mi ò sì jẹ́ kí wọ́n ní in.

Àlàájì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ gbọ́ mi. Mi ò sọ pé kì í ṣe tiyín. Mi ò sì sọ pé tèmi ni. Ohun tí mo sọ ni pé mi ò mọ̀. Àmánà ni ẹran yìí lọ́wọ́ mi, ohun ìfipamọ́ ni. Bí mo bá fà á lé yín lọ́wọ́ nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ni yín, tí ẹni tó ni ín bá dé lọ́la ńkọ́?"

"Ẹ ò mọ̀," ni bàbá mi wí.

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò sọ pé kì í ṣe tèmi."

"Ẹnu mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi jókòó padà. Ó dà bíi pé wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ara wọn, bí wọ́n ṣe máa ń tún ẹsẹ tí mo bá kà sọ. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi ni mi ò gé e. Wọ́n ní kí n gé e, mi ò lè gé e, mo wá purọ́ fún wọn pé mo ti gé e. Wọn kò mọ̀. Àmọ́ ẹ fọwọ́ kan abẹ́ ikùn rẹ̀, ìdodo rẹ̀ yọ síta bí èso àgbálùmọ̀."

"Ọmọ Tíṣà ló ń jẹ́rìí fún Tíṣà," ni ìyá ẹlẹ́nu wí. "Ẹ̀rí wo wá nìyẹn?"

"Ẹ̀rí tó ń dójú ti ara rẹ̀ ni," ni Àlàájì wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá abẹ́ ẹran náà. "Ìdodo rẹ̀ yọ lóòótọ́."

"Mẹ́ta nínú tèmi ló nírú ìdodo yẹn!" ni ìyá ẹlẹ́nu tún wí.

"Mo gbọ́." Àlàájì dìde, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. "Ẹ máa mú un lọ."

Ó yẹ kí n dúpẹ́ kí n dákẹ́. Ẹnu mi kò gbà. "Ṣé ẹ̀rí yẹn tó, sà?"

Bàbá mi já mi léèékánná léjìká. Àlàájì rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ẹ̀rín gidi. "Kò tó. Ṣùgbọ́n mo ti wò yín, mo gbà. Bí ẹlòmíràn bá mú ààmì tó ju èyí lọ wá, màá wá gbà á padà lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì gbọdọ̀ bínú."

"A ò ní bínú," ni bàbá mi wí.

Mo fi okùn fa ewúrẹ́ lọ́wọ́ kan, bàbá mi di èjìká mi kejì mú. A rìn títí a fi kọjá oko àgbàdo kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"O ní o ti gé e."

"Mo purọ́, sà. Ẹ dárí jì mí."

"Kí ló dé tó ò lè gé e?"

"Ó ń wò mí."

Wọ́n fi imú rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Lọ́jọ́ yẹn, kí ni o sọ gan-an?"

Mo mọ ọjọ́ tí wọ́n ń wí. "Mo ní mi ò mọ̀ bóyá Ó wà."

"Ohun tí mo gbọ́ ni pé kò sí."

"Mo mọ̀, sà. Mo rí i pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gbọ́ ọ, mi ò sì tún un ṣe. Mò ń gbádùn bí mo ṣe ń borí yín."

Wọ́n dúró. Èmi àti ewúrẹ́ náà dúró.

"Èmi ni mo sọ pé Ó wà," ni wọ́n wí. "Ẹrù mi ni. Kò yẹ kí n gbé e rù ọ́. Ẹ̀rí tí mo ní, mi ò mọ̀ bóyá yóò tó ọ. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún mi pé ojú yìí ń lọ, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mò ń dúró de ẹ̀rù. Ẹ̀rù ò wá. Ó dà bíi pé ẹnì kan ti jókòó tì mí kí ẹ̀rù tó dé. Mi ò rí i, mi ò sì lè mú ọ lọ síbẹ̀ kí o fọwọ́ kàn án. Òun ni mo ní."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò sọ mí di onígbàgbọ́. Bí mo bá gbé e sínú kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ya á sí wẹ́wẹ́ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, wọ́n sọ ọ́ fún mi, fún èmi tó lè ya á. Mo dúró lórí ọ̀nà yẹn, ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo wí.

A tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. "Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi yìí gùn," ni wọ́n wí. "Ó sì kún fún orúkọ ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù."

Ọkàn mi fò. "A lè bá a, sà. Bí ẹ bá gbà kí n kà á."

"O ò ní ṣe bí ẹni tó gbàgbọ́ nítorí mi o."

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kà á dáadáa nìkan. O máa ń gbé òpin gbólóhùn mì, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún ọ."

A kà á lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a kà á lọ́jọ́bọ̀, lọ́jọ́ Ẹtì àti lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, títí tí ìyá mi fi ní àwọn náà ti há a sórí láti ìdí ààrò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo tẹ̀lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Kì í ṣe pé mo ti rí ìdáhùn. Ọkàn mi kò lè balẹ̀ nílé ni. Bàbá mi dìde, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọjá orúkọ àkọ́kọ́, wọ́n kọjá èkejì. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kẹtàdínlógún, wọ́n dúró. Ìka wọn wà lórí ìwé tí wọn kò rí. Gbogbo ìjọ dákẹ́, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ náà ni bàbá ń jẹ́ kó wọ àwọn lára. Èmi nìkan àti ìyá mi ló mọ̀ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo gbá àga iwájú mi mú, mo rí i pé ẹnu mi ń sọ ẹsẹ náà wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń ti mọ́tò láti ẹ̀yìn. Kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, mo mọ̀, mo sì ń sọ ọ́ síbẹ̀.

Wọ́n mú un. Wọ́n ń bá a lọ, wọ́n sì ṣí ojú ìwé síwájú.

Lẹ́yìn ìsìn, bàbá mi bá fíkà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo sún mọ́ wọn kí n lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ bí òjò ṣe pẹ́ lọ́dún yìí ni wọ́n ń sọ. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mi ò tíì fọ ojú tán nígbà tí mo gbọ́ tí bàbá mi ń fa àga méjì jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀.